Nígbà tí Nǹkan Bá Sú Ọ̀dọ́

Mo mọ̀ pé láti ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá. Àwọn mìíràn kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti ọ̀sán. N kò ní í pẹ́ rárá.

Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìdùnnú. Nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, “Ṣé èmi ìyá aránṣọ ni n ó wá máa sọ̀rọ̀ ìdùnnú fún ọ̀dọ́ ayé ìsinsìnyí?” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó títí, mo rántí pé èmi náà ti ṣe ọ̀dọ́ rí. Mo rántí pé nǹkan sú mi nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka àwọn ohun tó ń bí ọ̀dọ́ nínú lójoojúmọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ẹ ó ti jí, kí ẹ lè pọn omi kí èrò tó pọ̀. Ẹ dé ibùdókọ̀, kọ̀ndọ́ ní, “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Kò sí ṣéńjì lọ́wọ́ yín, ó so yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ̀yin méjèèjì á wá máa wá ṣéńjì kiri nínú oòrùn. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, iná lọ. Oníbàárà tó ní òun ń bọ̀ wá sanwó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, títí di Sátidé ẹ kò rí i. Ọ̀gá ń pariwo. Ẹ délé, àǹtí yín tún ń béèrè pé, “Ìgbà wo lo máa mú ẹni tó o fẹ́ fẹ́ wá hàn wá?”

Kò sí ọ̀kan tó tó pa ènìyàn nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ikán kò tóbi, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ òpó ilé.

Ọ̀rọ̀ owó sì wà ńbẹ̀. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ tó wà lórí epo pẹtiróòlù. Lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò sókè sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Owó ọkọ̀ gbéra, oúnjẹ náà gbéra. Ọmọ iṣẹ́ tí kò gba owó oṣù, níbo ni yóò ti rí i? Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ọ̀lẹ ni gbogbo ọ̀dọ́, ẹ ní kó wá fi owó ọmọ iṣẹ́ wọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ó yá, ẹ gbọ́ ìtàn tèmi.

Ní ọdún 1994, mo ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ìbàdàn. Mo ti lo ọdún méjì, ó ku ọdún kan kí n ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kan, iná mọ̀nàmọ́ná lọ, mo bá ki èédú sínú áyọ́ọ̀nù. Bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ, iná ta láti inú èédú sórí bùbá léèsì oníbàárà wa kan. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ wọ̀ ọ́ sí ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kí n tó na ọwọ́, aṣọ ti lu.

Ọ̀gá mi wò ó. Kò lù mí. Ó kàn ní, “Ìwọ lo máa san án.” Owó aṣọ náà ju gbogbo ohun tí mo ní láyé lọ. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọdún Iléyá bọ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ti Èkó dé. Ó wọ bàtà pupa onígìgísẹ̀ gogoro. Bó ṣe ń rìn, kò, kò, kò, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń wò ó. Mo wo sálúbàtà tèmi tí mo fi wáyà so. Mo sọ nínú ara mi pé, “Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ẹ wo ibi tó dé!”

Bí ọdún ṣe parí, n kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo kó aṣọ mi sínú àpò kan, mo wọkọ̀ Èkó ní Ìwó Road.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi ní Mushin. Àwọn márùn-ún ló ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo. Búrẹ́dì ló ń tà fún àwọn onímọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, láti ìdájí títí di alẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo bi í léèrè pé bàtà pupa rẹ̀ dà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwa mẹ́ta la dáwó rà á. Ẹni tó bá ń lọ sílé ló ń wọ̀ ọ́.”

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí mo wálé ọdún, ìwọ ni mo ń wò. Mo rí ọ nídìí máṣínì, mo ní, eléyìí mọ ibi tó ń lọ. Èmi, òní nìkan ni mo mọ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Èmi ń ṣe ìlara bàtà rẹ̀. Òun ń ṣe ìlara máṣínì tí èmi sá fún. Àwa méjèèjì ni nǹkan sú, kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì.

Ní ọjọ́ kẹta, mo padà sí Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí òkúta. Mo bá ọ̀gá mi níbi tó ti ń jẹun, mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ó ti fi owó ara rẹ̀ ra léèsì mìíràn, ó ti rán an, oníbàárà ti gbé e lọ. A jọ ṣírò gbèsè náà. Oṣù méje ni mo fi san án díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo san èyí tó kẹ́yìn, ọ̀gá mi kò tilẹ̀ rántí mọ́. Èmi rántí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju gbogbo ọjọ́ ọdún tí mo ti rí lọ.

Kí ni mo rí kọ́? Ohun mẹ́rin ni.

Èkínní, ẹ ya ìyọnu yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ti ń mọ ìwé kọ báyìí, ẹ ra ìwé kékeré kan. Lálẹ́, ẹ kọ ohun tó bí yín nínú lọ́jọ́ náà sí i. Ẹ wá bi ara yín pé: ṣé ọwọ́ mi ni àtúnṣe rẹ̀ wà, ṣé ọwọ́ èmi àti àwọn ẹlòmíràn ni, àbí kò sí lọ́wọ́ wa? Òjò tó pa yín kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ iná, ọwọ́ yín àti ti àwọn ẹlòmíràn ni. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè dáwó epo jẹnẹrétọ̀ kan. Ti ṣéńjì, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ tọ́jú owó kéékèèké láti alẹ́. Ti oníbàárà tí kì í sanwó ńkọ́? Ẹ gba ìdajì owó kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, iye tó san, àti iye tó kù, kó sì rí i bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀yin fúnra yín á rí i pé ìyọnu tí a kọ sílẹ̀ kì í tóbi tó èyí tí a ń rò lórí ẹní.

Èkejì, ẹ má ṣe fi aṣọ ọdún ẹlòmíràn díwọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ tiyín. Láyé tèmi, bàtà pupa ni. Láyé tiyín, fóònù ni. Ẹ ṣí Facebook, ẹ rí ẹgbẹ́ yín nínú mọ́tò, ẹ rí òmíràn nínú aṣọ ìgbéyàwó, oúnjẹ bá kúrò lẹ́nu yín. Ẹni tó gbé àwòrán síbẹ̀ kì í ya àwòrán ọjọ́ tí onílé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ìlara ń tì sínú iṣẹ́ ibi, tàbí kí wọ́n kó owó ọjà lọ ta tẹ́tẹ́. Bàtà tí wọ́n ń lé, ó lè jẹ́ pé àwọn mẹ́ta ló ni ín.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní ohun kan tí ẹ ń lé bá, kí ẹ sì máa fi owó kékeré lé e. Bí ẹ bá ń dá àjọ ₦300 lójúmọ́, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó di ₦9,000. Bí alájọ bá mú owó ọjọ́ kan, ₦300, ẹ ó gba ₦8,700. Ní oṣù mẹ́wàá, ₦87,000 nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, èésú wà. Bí ènìyàn 10 bá dá ₦5,000 lóṣooṣù, ẹnì kan á kó ₦50,000, títí yóò fi kárí. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹni tí àdúgbò mọ̀ ni yóò máa gba owó yín, kó sì máa kọ ọ́ níṣojú yín. Ẹ ti lè kà á fúnra yín báyìí, ẹnikẹ́ni kò lè fi 2 pe 3 fún yín mọ́. Kí ẹ má sì yá owó nítorí aṣọ ẹbí. Ijó ọjọ́ kan ni, gbèsè rẹ̀ lè gba ọdún kan.

Ẹ̀kẹrin, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ẹ má ṣe dá ìyọnu gbé. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn Aro, nítòsí Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn tàbí ọpọlọ ń dà láàmú. Kò fẹ́ kí a kàn máa ti aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé tó wà nítòsí sọ ọ́, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé. Ìbátan aláìsàn á bá a wá, á máa se oúnjẹ fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, àárín ènìyàn ni wọ́n wà. Òkìkí ètò náà kàn dé òkè òkun, Dókítà Lambo sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá. Ilé ìwòsàn Aro ṣì wà títí di òní.

Ní Amẹ́ríkà náà, láti ọdún 1938 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard ti ń tẹ̀lé ìgbésí ayé àwọn ọkùnrin kan láti ìgbà èwe wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí àárín wọn àti ènìyàn dán mọ́rán ni ara wọn le jù, tí inú wọn sì dùn jù lọ́jọ́ ogbó. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: ènìyàn laṣọ mi.

Nítorí náà, bí ìbànújẹ́ bá wúwo, tí ẹ kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ọkàn ń sọ fún yín pé ikú yá ju ìyà lọ, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí a ti ń tọ́jú ibà, bẹ́ẹ̀ là ń tọ́jú ọkàn. Bí ẹgbẹ́ yín bá sì wá sọ irú rẹ̀ fún yín, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ bi í bí ọ̀gá mi ṣe bi mí: “Ṣé o ti jẹun?”

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ṣe. Ó padà wálé ní ọdún kejì, ó lọ kọ́ bí a ṣe ń yan búrẹ́dì tó ti ń tà tẹ́lẹ̀. Títí di òní, bí nǹkan bá sú mi, òun ni mo ń pè. Bó bá sú òun, èmi ló ń pè. Nǹkan ṣì máa ń sú wa o! Iná ṣì ń lọ, oníbàárà ṣì ń jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún dá a gbé nínú àwa méjèèjì.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ wá ẹnì kan, kí ẹ sọ bí ọjọ́ yín ṣe rí fún un. Kí ẹ sì béèrè tirẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ á mọ́ bá gbogbo wa o.