Bí Oúnjẹ Bá Ń Gba Iṣan Wọlé, Kí Ni Ìfun Ń Ṣe?

 

Bí ẹni wa bá dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, tí a sì rí i tí omi ń kán sí i lára, ọkàn wa a balẹ̀ pé ó ń jẹun. Bí dókítà bá wá ní òun fẹ́ ti rọ́bà gba imú rẹ̀ wọ inú ikùn, àwa ẹbí a fárígá: “Ẹ má fìyà jẹ ẹ́, omi yìí tó o.” Ìdí ọ̀rọ̀ òní nìyẹn.

Omi yàtọ̀ sí oúnjẹ. Nínú líta kan omi ṣúgà tí wọ́n sábà ń fà síni lára, gíráàmù ṣúgà 50 péré ló wà níbẹ̀. Oúnjẹ pípé tí ń gba iṣan wọlé wà lọ́tọ̀. Ní 1968 ni Stanley Dudrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia ròyìn pé ọmọ ajá tí kò fẹnu jẹ ohunkóhun dàgbà dáadáa, nítorí inú iṣan ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀ ń gbà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ọgbọ́n yìí ti gbà là.

Ṣùgbọ́n oníbodè ni ìfun. Awọ inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí oúnjẹ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń dá kòkòrò àrùn dúró. Ẹ̀yìn awọ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ara wa pàgọ́ sí. Wọ́n ń ṣe èròjà kan tí ń jẹ́ IgA, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò lẹ̀ mọ́ ìfun. Oúnjẹ tó ń kọjá ló ń jí wọn sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi iṣan nìkan bọ́ eku, awọ ìfun wọn joro, IgA wọn dín kù, àní títí dé ọ̀nà èémí. Ti èèyàn kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1992, Kenneth Kudsk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn nípa èèyàn 98 tí ikùn wọn fara pa. Nínú àwọn tó gba oúnjẹ sínú ìfun, nǹkan bí 12 nínú 100 ni òtútù àyà mú. Nínú àwọn tó gbà á sínú iṣan, 31 ni.

Ẹ má torí èyí bẹ̀rù. Ìwádìí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí aláìsàn tó lé ní 2,300 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde ní 2014: iye àwọn tó kú àti iye àwọn tí àrùn ràn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Oúnjẹ inú iṣan kì í ṣe májèlé. Ẹni tí ìfun rẹ̀ dí, tàbí tí wọ́n gé púpọ̀ nínú rẹ̀, òun ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mú relé. Èkíní, bí wọ́n bá ní kí ìfun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbáà ṣe díẹ̀díẹ̀ nípasẹ̀ rọ́bà, ẹ gbà wọ́n láyè. Èkejì, bí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan, ẹ má yọ́ ẹ̀kọ wọlé fún un: ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ̀kẹta, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ibi tí rọ́bà ti wọ iṣan. Kòkòrò tó bá gba ibẹ̀ wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló já sí tààrà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí ogun àìsàn.