Ohùn Tí Ó Lé Sòbìà Lọ: Ìtọrẹ-Àánú àti Ìròyìn Agbéniró

Ìtọrẹ-àánú, gẹ́gẹ́ bí a ti lò ó nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ni kí ẹni tí ó ní yọ nínú ohun ìní rẹ̀ fún àǹfààní àwọn tí kò bá a tan, láìretí pé wọn yóò san án padà. Ó yàtọ̀ sí sàárà, nítorí pé ó ní ètò, ó ní òṣìṣẹ́, ó sì ń lépa ohun tí ó fa ìyà ju ìyà fúnra rẹ̀ lọ. Ìròyìn agbéniró, ní tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó ń bo àbùkù mọ́lẹ̀ tàbí tí ó ń yin ọlọ́lá kí ọlọ́lá lè fún un lówó (irú èyí kò wọ́n láàrin wa), bí kò ṣe èyí tí ó sọ òótọ́ nípa ìṣòro, tí ó sì sọ ohun tí ẹni tí ó gbọ́ ọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka ìròyìn sí alágbe fún ìtọrẹ-àánú, pé bí ó bá ti pa owó wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ìtàn bí a ti ṣẹ́gun àrùn sòbìà ní Nàìjíríà kò ti èrò yìí lẹ́yìn.

Kì í ṣe pé ìròyìn apowówọlé kò lágbára. Ní oṣù kẹwàá 1984 ni Michael Buerk ti BBC fi ìyàn tí ó mú ní Etiópíà han aráyé lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 13 oṣù keje 1985, àwọn olórin ti péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Philadelphia fún eré Live Aid, wọ́n sì rí owó ńlá kó jọ. Owó náà gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, àwòrán ọmọ tí egungun rẹ̀ yọ, tí a kò dárúkọ rẹ̀, ni ó di ojú tí aráyé fi mọ Etiópíà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìròyìn náà ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa, olówó tí ó jìnnà réré ni.

Ọ̀rọ̀ sòbìà kò lè gba ọ̀nà yẹn, nítorí pé kò sí oògùn tí ó ń pa á nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà rẹ̀. Inú omi adágún ni kòkòrò kékeré kan wà tí ó ń gbé ọmọ sòbìà mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà yóò rìn, yóò ṣiṣẹ́, yóò sì gbàgbé, títí nǹkan bí ọdún kan yóò fi kọjá, tí aràn tí ó lè gùn tó mítà kan yóò wá dá ẹsẹ̀ rẹ̀ lu. Bí ó ti ń ta á bí iná, yóò ki ẹsẹ̀ bọ odò kí ó lè tù ú, ibẹ̀ sì ni sòbìà yóò ti tú ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú yóò mu. Láàárín ìgbà náà, oko yóò kún fún igbó, ọmọ kò sì ní lè rìn dé ilé ìwé. Ohun tí ará ìlú fúnra wọn lè ṣe láti já okùn yìí kò ju pé kí a fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún, kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ má sì ṣe wọ odò. Ọ̀rọ̀ ẹnu, nígbà náà, ni oògùn.

Ní 1986, nígbà tí àjọ Carter Center tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, dá sílẹ̀ gba iṣẹ́ àtiṣẹ́gun sòbìà, a fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ló ń ní sòbìà lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè 21. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ka àwọn ẹlẹ́sòbìà ní Nàìjíríà nìkan, a rí ohun tí ó lé ní 650,000. Ilé iṣẹ́ DuPont fi ọ̀rá híhun tí a ń fi sẹ́ omi tọrẹ. Ṣùgbọ́n asẹ́ tí a kò bá mọ ìdí rẹ̀, aṣọ lásán ni.

Ìlú Ìdèrè ní Ìbàràpá ni èyí ti hàn gbangba jù lọ. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 rí i pé ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé sòbìà jẹ́ ara ènìyàn láti ìgbà tí a ti bí i, bí iṣan ti jẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé omi ni ó fà á kí ó má rẹ́rìn-ín. Dípò kí wọ́n fi àìmọ̀kan bú wọn, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìlera. Télọ̀ Ìdèrè ni ó rán asẹ́, àwọn tí a kọ́ náà sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹni tí ó ń polówó asẹ́ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè purọ́, nítorí pé omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu.

Ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá, Yakubu Gowon, tí ó ti ṣe olórí Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí àrùn náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, a ń kéde ẹ̀bùn owó fún ẹni tí ó bá tú àṣírí ẹlẹ́sòbìà tuntun, tí ó fi di pé ohun tí a ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú di ohun tí à ń wá kiri. Oṣù kọkànlá 2008 ni a rí ẹni tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu; ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán.

Àwọn ọlọ́rẹ kan ti fi owó wọn sínú fíìmù pẹ̀lú: Jeff Skoll, ààrẹ àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ eBay, dá ilé iṣẹ́ aṣefíìmù Participant sílẹ̀ ní 2004, àwọn fíìmù rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Oscar, ṣùgbọ́n ní 2024 ó pa á tì. Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ ẹni tí ó ń pọn omi lódò kò sí níbi tí wọ́n ti ń wò ó. Ó yẹ kí ọlọ́rẹ tí ó bá fẹ́ gbẹ́ kànga yọ nínú owó kànga náà fún rédíò tí ń sọ èdè àwọn tí yóò mu ún, kí ó sì san owó náà fún ọdún púpọ̀, nítorí pé ọdún méjìlélógún ni ó wà láàárín 1986 àti 2008.

Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgàmbe ni à á ké sí. Ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà lẹ́yìn 2008, inú òwe yìí nìkan ni yóò ti bá sòbìà pàdé.