Owó Tí Ó Wọlé àti Owó Tí Ó Kù



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń béèrè nípa àwọn eléré ìdárayá: “Èló ni ó ní?” Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n méjì ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀: èló ni ó wọlé, èló sì ni ó kù?

Ẹ jẹ́ kí a fi Hakeem Ọlájùwọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Èkó ni a ti bí i ní ọdún 1963. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó kọ́kọ́ ń gbá. Ó ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ó lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Ní 1984, nígbà tí wọ́n ń yan àwọn eléré tuntun, òun ni ẹgbẹ́ Houston Rockets kọ́kọ́ mú, ṣáájú Michael Jordan pàápàá. Ó bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995, ó sì lo ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà. Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀ ní 2002, àpapọ̀ owó iṣẹ́ rẹ̀ ti ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n irú owó bẹ́ẹ̀ kì í dé ilé tán. Ìjọba yóò gba owó orí, aṣojú yóò gba ìpín tirẹ̀, ẹbí yóò nawọ́. Ọmọ ọdún 39 péré sì ni Ọlájùwọ́n nígbà tí owó náà dáwọ́ dúró. Ẹ wo Ọya àti Bẹ́núé tí ó pàdé níwájú wa. Nígbà òjò, wọ́n a kún dé ẹnu ọ̀nà ilé. Nígbà ọyẹ́, yanrìn a yọjú láàárín omi. Ẹni tí ó bá rò pé títí ni odò yóò máa kún, ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Kí ni Ọlájùwọ́n ṣe? Mùsùlùmí ni, ẹ̀sìn rẹ̀ sì kọ owó èlé. Nítorí náà, nígbà tí ó ń ra ilẹ̀ àti ilé ní Houston, kò yá owó tí ó ní èlé; owó ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń rà á. Àwa tí a kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀ lè kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ọrọ̀ ènìyàn kì í ṣe iye tí ó gbà. Ohun tí ó kù ni, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin òbí, ẹgbẹ́ 30 ni ó wà nínú ìdíje NBA, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ààyè 15 fún eléré tí ó ní àdéhùn kíkún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 450, fún gbogbo ayé. Ẹ má ṣe gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ nítorí bọ́ọ̀lù. Kí ó gbá bọ́ọ̀lù, kí ó sì kàwé. Bí ó bá sì là, ẹ má ṣe sọ ọ́ di kànga kan ṣoṣo tí gbogbo ẹbí ń fà, tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ òmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó ń jèrè díẹ̀ ní ọjà Kpata, tí ó ń pa díẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀, tí kò sì jẹ gbèsè, ó ti ń kó ọrọ̀ jọ.

Ó dìgbà kan ná.