Afẹ́fẹ́, Omi àti Ooru: Ìdí Tí Oògùn Òwú Fi Ń Ṣòfò Kí Ó Tó Dé Orí Ewé
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ olówú sọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti oògùn tuntun. Ọ̀rọ̀ oògùn tí ó ti wà lọ́wọ́ yín ni. Ẹ mọ̀ pé àwìn ni a fi ń gba oògùn náà, ọjọ́ tí a bá ta òwú ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀. Bí oògùn kan ewé, bí kò kan ewé, gbèsè kò yí padà. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i láti inú pọ́ǹpù títí dé orí ewé.

Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀

Ẹ mú ìgò rọ́bà méjì. Ẹ rọ omi kún ọ̀kan dé ẹnu, ẹ fi èkejì sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ dé méjèèjì pinpin. Ẹ wá fi ọwọ́ fún wọn. Èyí tí ó ṣófo yóò tẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, yóò padà sí bí ó ti wà. Èyí tí omi kún kò ní gbà fún yín. Afẹ́fẹ́ ṣeé kó jọ sí àyè kékeré, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ padà sí àyè rẹ̀, ó sì máa ń ti ohun tí ó bá dí i lọ́nà. Títì yẹn ni a ń pè ní ìfúnpá.

Bí pọ́ǹpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ẹ ti ń fa ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò, ẹ ń ti omi oògùn wọ inú yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ wà. Omi kò gbà kí a fún òun, afẹ́fẹ́ ni ó ń fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó wá ń ti omi jáde ní ẹnu ọ̀pá, kódà nígbà tí ọwọ́ yín bá sinmi díẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni kí a mú níbẹ̀.

Èkíní, ihò kékeré wà lórí ìdérí irú pọ́ǹpù yìí. Bí oògùn ti ń lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, oògùn kò ní jáde dáadáa mọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lọ sóko.

Èkejì, irú pọ́ǹpù kan wà tí a ń fún afẹ́fẹ́ sínú àgbá rẹ̀ kí a tó gbé e. Ẹ má rọ omi kún ìyẹn dé ẹnu. Ẹ dúró níbi àmì tí ó wà lára rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rí àyè.

Ẹ̀kẹta, ìfúnpá kì í tán nítorí pé ọwọ́ dúró. Kí ẹ tó tú ẹnu ọ̀pá tàbí kí ẹ tó ṣí àgbá tí a fún afẹ́fẹ́ sí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ìfúnpá inú rẹ̀ jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oògùn lè ta sí yín lójú. Bí ẹnu ọ̀pá bá sì dí, ẹ má fi ẹnu fọn ọ́n láé. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò.

Ẹ má bá pọ́ǹpù jà

Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń fa ọwọ́ pọ́ǹpù kíákíá kí iṣẹ́ lè yá. Bí a bá fẹ́ kí oògùn tí ó ń jáde di ìlọ́po méjì, ìfúnpá gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Agbára yín yóò tán, èrè rẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Èyí tí ó burú jù ni pé ìfúnpá ńlá máa ń fọ́ oògùn sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́. Bí ìbú ẹ̀kán bá dín sí ìdajì, omi tí ó wà nínú ẹ̀kán 1 yóò di ẹ̀kán 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì gbẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò tí ẹ̀kán ńlá ń lò. Wọn kò wúwo, nítorí náà afẹ́fẹ́ yóò gbé wọn lọ sí àgbàdo aládùúgbò, sí ojú kànga, tàbí sí imú ẹni tí ó ń fọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá bá kéré jù, ẹ̀kán yóò tóbi, yóò ṣàn kúrò lórí ewé bọ́ sílẹ̀. Ẹ máa fa ọwọ́ pọ́ǹpù ní ìwọ̀n kan náà bí ẹ ti ń rìn.

Ooru ń gbé omi lọ

Ẹ̀yin ìyá wa, aṣọ tí a sá ní òwúrọ̀ àti èyí tí a sá ní ọ̀sán gangan, èwo ni ó ń yá gbẹ? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kán oògùn rí. Nígbà tí oòrùn bá mú, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, omi inú ẹ̀kán náà yóò bá afẹ́fẹ́ lọ kí ó tó kan ewé.

Ẹ fọ́n ní òwúrọ̀, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ lórí ewé, kí oòrùn tó le, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èéfín ilé ìdáná. Nígbà mìíràn ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí ní àṣálẹ́, èéfín kì í gòkè, ńṣe ni yóò tẹ́ lọ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ni ó wà nílẹ̀, èyí tí ó gbóná wà lókè rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ń rú wọn pọ̀. Ẹ̀kán wẹ́wẹ́ yóò so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń gbé eruku, ẹ má fọ́n rárá.

Bídọ̀n tí ó wà nínú oòrùn

Ẹni tí ó bá ti rí bídọ̀n kpayo lẹ́bàá ọ̀nà ní ọ̀sán mọ̀ pé ó máa ń wú. Ooru ń mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ́ẹ̀, ó sì ń mú kí díẹ̀ nínú epo náà di atẹ́gùn. Bídọ̀n oògùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sí abẹ́ ibòji, níbi tí a lè tì pa, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ó jìnnà sí yàrá tí èèyàn ń sùn àti sí oúnjẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ yí ojú kúrò, kí ẹ sì tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ju bídọ̀n tí a dé pa sínú iná, nítorí ó lè bẹ́. Ẹ má sì rọ omi tàbí òróró sínú èyí tí ó ti ṣófo. Ní ìgbà òwú ọdún 1999 sí 2000, oògùn tí ń jẹ́ endosulfan pa àwọn èèyàn ní Borgou, oúnjẹ tí oògùn náà kàn sì wà lára ọ̀nà tí ó gbà pa wọ́n. Wọ́n ti fòfin dé e, ṣùgbọ́n àwọn oògùn tí ó kù kì í ṣe omi mímu.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe

Kí ìgbà ìfọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó gbogbo pọ́ǹpù ẹgbẹ́ jọ, kí ẹ rọ omi lásán sínú wọn. Ẹ fi ẹnu ọ̀pá tuntun fọ́n sínú korobá fún ìṣẹ́jú 1, ẹ wọn ohun tí ó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti ògbólógbòó, irú kan náà, ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọwọ́ tí ń fa pọ́ǹpù má ṣe yí padà. Bí ògbólógbòó bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ ju tuntun, ihò rẹ̀ ti jẹ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti oògùn tí yóò bá yín dànù.

Òwú yóò là, a ó sì ta á ní èrè.