Ibi tó yẹ kó wà: oní-POS inú iṣan wa

 

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí jímù. Ọjọ́ kìíní gan-an ló ti gbé irin tó ju agbára rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò lè ká apá mọ́, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi Coke. A sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní creatine kinase ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mo béèrè pé ṣé májèlé nìyẹn ni. Dókítà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Rárá o. Ensáìmù ni. Ibi tó wà ni kò yẹ kó wà."

Ibo ló wá yẹ kó wà? Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó nínú ẹyin adìẹ.

Nígbà tí iṣan ọmọ adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣì dá wà. Creatine kinase ti wà nínú wọn, àmọ́ oríṣi tó wọ́pọ̀ nínú ọpọlọ ni. Tó bá yá, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á so pọ̀ di okùn gígùn, oríṣi ti iṣan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbapò. Okùn náà á to fọ́nrán sínú ara rẹ̀ ní ègé-ègé. Àwọn ègé yìí ló ń sún kì tí a bá ká apá. Àárín gbùngbùn ègé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní M-line. Ní 1973, Turner, Wallimann àti Eppenberger, ní Zürich lórílẹ̀-èdè Switzerland, fi hàn pé oríṣi ti iṣan yìí a máa lẹ̀ mọ́ M-line. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Èyí tó pọ̀ jù wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì.

Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ẹ wo oní-POS tó jókòó láàárín ọjà. ATP lowó tí iṣan ń ná, mitochondria sì ni bánkì. Tí a bá ń sá eré àsápajúdé, ATP tó wà nílẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. A ò lè máa tò sí bánkì nígbà yẹn. Creatine kinase á mú phosphate lára phosphocreatine, á fi tún ATP ṣe lójú ẹsẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ná an gan-an.

Àmọ́ tí awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan bá fàya, ensáìmù yìí á jò sínú ẹ̀jẹ̀. Òun kọ́ ló ń pani lára; ẹlẹ́rìí ni. Myoglobin tí wọ́n jọ jò jáde ló ń sọ ìtọ̀ di dúdú, òun ló sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Wọ́n fa omi sí àbúrò mi lára, ara rẹ̀ sì yá. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jímù, ẹ rọra ṣe é. Tí ìtọ̀ yín bá dúdú lẹ́yìn eré ìmárale, ẹ má wulẹ̀ mu àgbo sí i. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó dìgbà o.