Jíìpù Àtijọ́: Ẹ Jẹ́ Kí Á Mọ̀ Ọ́n Kí Á Tó Tún Un Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn mí láti sọ dá lórí jíìpù àtijọ́, irú èyí tí àwọn ológun ń lò, tí kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀ tàbí òkúta. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ àlòkù irin. Ó kàn án púpọ̀. Inú ìwé nìkan kọ́ ni ìtàn wà. Ó wà lára irin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà ni yóò rí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi Ìsúndúnrin, ní agbègbè Èjìgbò, ṣe àpẹẹrẹ. Kí á sọ pé baálé ilé kan níbẹ̀ ra jíìpù kan ní gbàǹjo láyé àtijọ́, tí ó fi ń kó ẹrù oko títí ọkọ̀ náà fi dákẹ́. Baba ti lọ. Koríko ti bo ọkọ̀, adìẹ sì ń yé sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Àwọn ọmọ pé jọ. Ọ̀kan ní kí á pe àwọn tí ń ra irin kí wọ́n wá gé e. Èkejì ní kí á kùn ún ní àwọ̀ ewé, kí á sì máa pè é ní ọkọ̀ ogun. Ẹ̀kẹta ní kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀kẹta yìí ni mo wá gbè lẹ́yìn.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó bí jíìpù. Láàrin ọdún 1941 sí 1945, ilé-iṣẹ́ Willys àti Ford ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ó lé ní 600,000. Àwọn baba wa náà bá a pàdé lójú ogun. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a ń pè ní Dífíṣọ̀n 81, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ń lọ sí àfonífojì Kaladan ní ilẹ̀ Bọ́mà, wọ́n fi agbára ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù tí ó tó nǹkan bí máìlì 75 láàrin òkè àti igbó. Lẹ́yìn ogun, Maurice Wilks ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà ń lo jíìpù lóko rẹ̀, ronú kan ọkọ̀ tí yóò wúlò fún àgbẹ̀. Ọkọ̀ náà ni Land Rover, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní Amsterdam ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Irin ṣọ̀wọ́n nígbà náà, ni wọ́n bá fi alumíníọ̀mù ṣe bọ́dì rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ajẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àti ológun ni ó lo Land Rover. Ó wà lójú ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ Leyland tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970 ń tò ó pọ̀ níhìn-ín. Ẹ kíyè sí i pé irú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn lò. Nítorí náà, àwọ̀ ewé nìkan kò sọ ọkọ̀ di ti ológun, gẹ́gẹ́ bí agbádá nìkan kò ti sọ ènìyàn di olóyè.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ojú rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ wò. Bí ihò gbọọrọ tí ó wà níwájú jíìpù Amẹ́ríkà bá jẹ́ 9, ti ogun ni a ń fura sí. Èyí tí Willys bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fún ará ìlú ní ọdún 1945 ní 7. Kí á tún wo irin tí ó dábùú iwájú férémù. Bí ó bá rí róbótó bí páìpù, ti Willys ni; bí ó bá ní igun, ti Ford ni. Ford a sì máa tẹ lẹ́tà F sórí ọ̀pọ̀ bóòtù rẹ̀.

Ní ti Land Rover, bí iná iwájú méjèèjì bá sún mọ́ra láàrin, ti àtijọ́ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1968 sí 1969 ni wọ́n gbé iná lọ sí apá ìhín àti apá ọ̀hún. Bí àwọn aago rẹ̀ bá kọjú sí awakọ̀ gan-an, tí wọn kò sí láàrin, a jẹ́ pé irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971 ni. Kí á sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn: íǹṣì 80 ni ti àkọ́kọ́, 88 àti 109 ni ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn náà.

Ibi tí ìdarí ọkọ̀ wà náà ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Land Rover tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún ṣeé ṣe kí ó ti wọ̀lú ṣáájú ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì lè ti yí òmíràn padà; kí á wá ojú ihò tí wọ́n dí ní apá kejì. Jíìpù Amẹ́ríkà kò sí nínú ìdájọ́ yìí, nítorí ọwọ́ òsì ni ìdarí tirẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni yóò wá fi hàn pé ológun ni ó lò ó? Ojú ibi tí a ti so rédíò mọ́ wà níbẹ̀. Wáyà tí a ṣe fún iná 24 volts dípò 12 wà níbẹ̀. Kí á fi sáńpépà wẹ́wẹ́ àti omi rọra fọ ibi kékeré kan, kí á sì ka àwọ̀ tí ó wà lábẹ́ àwọ̀. Kí á kọ nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára férémù sílẹ̀, kí á fi wé ti inú ìwé ọkọ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó dá ẹjọ́.

Nígbà tí a bá ti mọ̀ ọ́n tán ni àtúnṣe kàn. Kí á ya fọ́tò rẹ̀ kí á tó tú u, kí bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan sì ní agolo tirẹ̀. Férémù ni ìpìlẹ̀: kí á fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́, ibi tí ó bá dún bótóbótó, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Bọ́dì alumíníọ̀mù lè máa dán, kí férémù irin abẹ́ rẹ̀ sì ti di ìyẹ̀fun. Bíréèkì ni kí á tún ṣe ṣáájú ẹ́ńjìnnì, nítorí ọkọ̀ tí kò lè dúró kò yẹ kí ó rìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹnu fẹ́ eruku inú bíréèkì àtijọ́. Asbestos lè wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí wẹ́dà má ṣe fi iná kan táńkì pẹtiróòlù, bí ó tilẹ̀ ti gbẹ láti ogún ọdún: òórùn inú rẹ̀ lè gbiná bí ìbọn. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti há, kí á bu ọ́ìlì sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì, kí ó sùn mọ́ ọn, kí á tó fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá di dandan kí á fi ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí á má ṣe gé férémù, kí á sì tọ́jú ti àkọ́kọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní owó ọmọ iléèwé ṣe kókó ju owó jíìpù lọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ tún rìn. Ní Umuahia, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí ìjọba ṣí ní ọdún 1985, àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́lé dúró sójú kan, wọ́n sì ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Òrùlé páànù àti ìwé tí a kọ ìtàn ọkọ̀ sí kò náni ní owó gọbọi. Ní ti àwọ̀ ológun, kí á kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ aláṣẹ kí á tó kùn ún, kí ọkọ̀ ìtàn má baà di ọkọ̀ ẹjọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ síbi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ìtàn yóò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò ṣàlàyé ìpẹtà, ti ìṣirò yóò fi téèpù wọ̀n ọ́n. Èjìgbò ní ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ wo ọkọ̀ tí a rò jáde fún àgbẹ̀. Kí wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ó wà á, nítorí ohun tí àgbà mọ̀ nípa rẹ̀ kì í sí nínú ìwé ọkọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà irin wọ̀nyí wà lára ohun tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa. Ẹni tí ó bá gé e tà lónìí yóò rí owó ọjà kan gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí a ti í rà á padà.