Inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́: Ohun Tí A Fi Ṣe É àti Ẹ̀mí Tí Ó Ń Ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ti ẹ̀ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọ̀dà dídán tí a fi ń kun ara ọkọ̀. Ti inú ọkọ̀ ni: ìjókòó, ilẹ̀kùn, dáṣíbọ́ọ̀dù tí ó wà níwájú awakọ̀, àti ìgbànú tí a ń so mọ́ àyà.

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀, a máa ṣí ìbòrí ẹ̀ńjìnnì wò, a máa tẹ́tí sí ìró rẹ̀, a sì máa fi ẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀. Bí ó bá kan inú ọkọ̀, a máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìjókòó, a ní, "Ó rọ̀," ọ̀rọ̀ sì tán. Bẹ́ẹ̀ inú yìí ni ó sún mọ́ ara wa jù lọ. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ilé: ìtura àti ẹwà ni ojú ń rí nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí àwọn ohun wọ̀nyí ń ṣe ni pípa ẹ̀mí mọ́ ní ọjọ́ ibi. Ẹni tí ó bá ń tún wọn ṣe láìmọ èyí lè ba ohun tí a fi ẹ̀mí púpọ̀ kọ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1886 ni Karl Benz, ní ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ rẹ̀ tí ń fi ẹ̀rọ rìn. Ọkọ̀ náà kò ní inú rárá: ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ní, àti àga kan lórí wọn, tí oòrùn ń pa tí òjò sì ń rọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe ọkọ̀ tí ó ní òrùlé, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ti rí ọgbọ́n rẹ̀ kọ́. Igi ni egungun ọkọ̀. Sípíríǹgì onírin ni ó wà nínú ìjókòó. Irun ẹṣin ni wọ́n kì lé e lórí. Awọ màlúù tàbí aṣọ tí ó nípọn ni wọ́n fi bò ó. Gbẹ́nàgbẹ́nà àti aránṣọ ni ó ń fi ọwọ́ ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà irin gba ipò igi. Ní ọdún 1907, Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe ike líle àkọ́kọ́ tí a fi kẹ́míkà nìkan pò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àwọn kókó àti ọwọ́ tí awakọ̀ ń fà tí ó sì ń tẹ̀. Inú ọkọ̀ ń dán, ó sì ń wu ojú. Ṣùgbọ́n irin líle ni dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn kókó náà sì yọ síta bí ìwo. Àwọn àgbà wa a máa wí pé, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn tí ó jókòó nínú ọkọ̀ ìgbà náà kò ní òkèèrè tí wọn ì bá ti wò ó, nítorí iwájú wọn gan-an ni igi gogoro náà wà.

Oníṣẹ́ abẹ kan wà ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, Claire Straith ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún ojú tí ó bàjẹ́ ṣe. Ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí a ń gbé wá sọ́dọ̀ òun, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti fi ojú lu dáṣíbọ́ọ̀dù, tí kókó irin sì ya wọ́n ní ojú. Kò dákẹ́. Ó fi tìmùtìmù bo dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ń rọ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ Dodge ti ọdún 1937, wọ́n ti àwọn kókó náà wọ inú kí wọ́n má baà yọ síta mọ́. Ẹ kíyè sí i pé oníṣègùn ni ó kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ní ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èrè àìnáání wọn ń dé.

Ẹlòmíràn ni Hugh DeHaven. Ní ọdún 1942 ó kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n já bọ́ láti ibi tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 150 tí wọn kò sì kú. Ó béèrè ohun tí ó gbà wọ́n là. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro láti yé wa. Bí ẹyin bá já bọ́ sórí àpáta, yóò fọ́. Bí ó bá já bọ́ sórí òkìtì òwú, ó lè má fọ́. Gíga ibi tí ó ti já kò yàtọ̀. Ohun tí ó gbà á ni ó yàtọ̀. Bí agbára ìkọlù bá tàn ká gbogbo ara, tí ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tán, ara lè gbà á. Bí ó bá kó jọ sí ojú kan lẹ́ẹ̀kan náà, egungun kò lè gbà á. Lórí òye yìí ni gbogbo ohun rere tí ó wà nínú ọkọ̀ òde òní dúró.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ohun náà. Ní ọdún 1937 kan náà ni Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leverkusen, ní Jámánì, rí ọ̀nà tí a gbà ń ṣe irú ike tí a fi ń ṣe fóòmù ìjókòó lónìí. Kẹ́míkà olómi méjì ni a ń dà pọ̀ sínú irin oníhò tí a gbẹ́ ní àwòrán ìjókòó. Wọn a hó, wọn a sì wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, títí wọn yóò fi kún ihò náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìjókòó ti jáde. Bí a bá yí ìwọ̀n kẹ́míkà padà, fóòmù náà a rọ̀ tàbí kí ó le. Ìbòrí ilẹ̀kùn ní tirẹ̀, ike kéékèèké bí ọkà ni wọ́n ń yọ́ nínú ooru, tí ẹ̀rọ sì ń fi agbára tì wọ́n sínú irin oníhò.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra. Rírọ̀ fún ìdí tí ó jókòó ọ̀tọ̀ ni, rírọ̀ fún orí tí ń bọ̀ bí òkò ọ̀tọ̀ ni. Fóòmù tí àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan kò lè dá orí dúró. Yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, orí yóò sì bá irin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ó dára a máa yìn díẹ̀díẹ̀, a sì máa jẹ agbára ìkọlù run bí ó ti ń yìn. Ní ọdún 1966 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí ààbò ọkọ̀, láti ọdún 1968 sì ni wọ́n ti ń fi orí àfiwé lu dáṣíbọ́ọ̀dù ní ìyára kìlómítà 24 ní wákàtí, láti mọ̀ bóyá yóò dá ẹ̀mí sí.

Ìgbànú ààbò ńkọ́? Nils Bohlin ni ó ṣe èyí tí ó gba èjìká kọjá tí ó sì di ìbàdí mú, fún Volvo ní ilẹ̀ Swídìn, ní ọdún 1959. Ilé iṣẹ́ náà gba àwọn mìíràn láyè láti ṣe irú rẹ̀. Aṣọ híhun ni, tóóró bí èyí tí àwọn ahunṣọ wa ń hun, ṣùgbọ́n okùn ike ni wọ́n fi hun ún. Ó ń di egungun ìbàdí àti igbá àyà mú, nítorí ibẹ̀ ni ara ti lágbára.

Àpò afẹ́fẹ́ náà, aṣọ ni. Ṣáájú kí ènìyàn tó ṣẹ́jú ni ó ti wú. Láti ọdún 1994 ni Volvo ti ń fi irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ojú ìránṣọ kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rán kí ó lè já, kí àpò náà lè rí ọ̀nà jáde.

Iná pẹ̀lú. Fóòmù tí a kò tọ́jú a máa jó kíákíá, èéfín rẹ̀ a sì máa pa ènìyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, láti ọdún 1972, òfin Amẹ́ríkà ni pé ohun tí a fi ṣe inú ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ jó ju mìlímítà 102 lọ ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn wá kẹ́míkà tí ń dí iná lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ 101, wọ́n sì rí i nínú afẹ́fẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni ó ń pọ̀ tó. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dúró sínú oòrùn, kí ó ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde kí ó tó wọlé.

Ohun ọ̀gbìn pẹ̀lú ti ń padà sínú ọkọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941 ni Henry Ford fi ọkọ̀ kan tí ara rẹ̀ jẹ́ ike hàn ní Dearborn, a sì sọ pé ẹ̀wà sóyà wà nínú ike náà. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró sóyà sínú fóòmù ìjókòó. Ní Pará, ní ilẹ̀ Bràsílì, wọ́n fi irun èèpo àgbọn àti oje rọ́bà ṣe ìjókòó àti ìrọ̀rí ọkọ̀. Ní ọdún 2012, Ford fi okùn kenaf sínú ìbòrí ilẹ̀kùn, ìwúwo rẹ̀ sì dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọkọ̀ tí ó bá fúyẹ́ kì í mu epo púpọ̀. Ìbátan ìṣápá ni kenaf, a sì ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ewédú tí a ń fi jẹ òkèlè pẹ̀lú, nínú igi irú rẹ̀ ni àwọn ará Íńdíà àti Bangladesh ti ń bó okùn tí a fi ń hun àpò kòkó. Ohun tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lóko lè di ọrọ̀, bí ọgbọ́n bá bá a pàdé.

Nísinsìnyí, kí ni èyí kàn wá? A ti dúró ní ìsọ̀ àwọn tí ń rán ìjókòó ọkọ̀, a sì ti rí ọwọ́ wọn: iṣẹ́ wọn mọ́, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n a tún rí aṣọ nínípọn tí a rán bo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tí àpò afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tí ọ̀nà rẹ̀ sì dí. A rí fóòmù rírọ̀ tí a fi rọ́pò èyí tí ó le, tí ènìyàn fi lè yọ́ kọjá lábẹ́ ìgbànú ní ọjọ́ ìkọlù. A rí ìgbànú tí a tì sábẹ́ ìjókòó kí ó má baà ba aṣọ tuntun jẹ́. A sì ń wọ ọkọ̀ èrò tí bẹ́ǹṣì rẹ̀ jẹ́ irin tí a jó pọ̀, tí kò ní ìgbànú rárá. Kì í ṣe ìkà ni ó fa gbogbo èyí, àìmọ̀ ni.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tún inú ọkọ̀ ṣe, tàbí ìjọ tí ó bá ń ra bọ́ọ̀sì, kí ó béèrè ohun mẹ́rin. Ǹjẹ́ ìgbànú wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣiṣẹ́? Ǹjẹ́ a dí ọ̀nà àpò afẹ́fẹ́? Ǹjẹ́ fóòmù yìí le tó èyí tí a yọ? Bí a bá fi iná kan ẹ̀já rẹ̀ ní ìta gbangba, ǹjẹ́ yóò gbiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Àwọn tí Straith tún ojú wọn ṣe ti san owó ẹ̀kọ́ yìí fún wa. Kí a má ṣe tún un san. Nígbà tí ẹ bá tún fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìjókòó ọkọ̀ tí ẹ sì ní, "Ó rọ̀," ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé, "Ǹjẹ́ yóò gbà mí?"